Bí ìjì bá ṣí òrùlé yín ní Kétu: bí ẹ ṣe máa dá a padà kí ìjì tó ń bọ̀ má bàa tún gbé e

Lọ́dọọdún, nígbà tí òjò bá ń wọlé láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, àti nígbà tó bá ń palẹ̀ mọ́ ní oṣù kẹwàá, ìjì máa ń ṣí ilé ní Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, ní Idigny, ní Okpometa àti ní àwọn abúlé tó yí wọn ká. Ẹ wo ilé tí ìjì ṣí lọ́dún yìí, kí ẹ padà wá wò ó lọ́dún mìíràn: ó ti tún ṣí. Onílé ti ra páànù tuntun, ó ti ra ìṣó kún ìṣó, káfíńtà ti gba owó rẹ̀ lọ, síbẹ̀ inú oko ẹ̀gẹ́ aládùúgbò ni wọ́n ti tún lọ ṣa páànù.

Ìdí rẹ̀ ni pé orí páànù ni gbogbo owó ń parí sí. Bí ìṣó tilẹ̀ pọ̀ bí irun orí, tí igi tí wọ́n kàn án mọ́ kò bá so mọ́ ògiri, igi àti páànù ni yóò jọ gbéra. Láti orí páànù títí dé inú ògiri, ohun gbogbo gbọ́dọ̀ di ara wọn mú. Ibi tí ìdè bá ti já ni ìjì ń gbà.

Ilé ògiri amọ̀ tàbí ti bíríkì sìmẹ́ǹtì tó ní òrùlé páànù ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Wáyà dúdú tí àwọn mọlémọlé fi ń di irin. Ẹ ra èyí tó nípọn, kí ó sì pọ̀. Òun ni yóò tán jù.
- Irin mílímítà 6, bí ògiri bá jẹ́ ti bíríkì.
- Ìṣó páànù tí ara rẹ̀ lọ́ bí okùn, tí orí rẹ̀ fẹ̀, tó sì ní rọ́bà lábẹ́. Ìṣó tí ara rẹ̀ dán máa ń yọ díẹ̀díẹ̀ bí ooru àti òtútù bá ti ń na páànù tó ń sún un kì.
- Ìṣó igi gígùn, sẹ̀ǹtímítà 10 ó kéré tán.
- Igi tí ikán kò tíì dé. Tíìkì dára, ó sì wà ní agbègbè wa.
- Òòlù, ẹ̀mú, ayùn, téèpù, àkàsọ̀ méjì, okùn gígùn.
- Báàṣì (tapólì) kan tàbí méjì.
- Bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ le, àti ìbọ̀wọ́. Ẹ má fi sílípáàsì gun òrùlé.

Bí owó kò bá tó, ẹ má dín wáyà kù. Ẹ lo páànù àtijọ́ tí kò ya, kí ẹ sì ra wáyà tó pé. Mo mọ̀ pé páànù tuntun ló ń dán lójú àlejò, wáyà ò sì hàn sí ẹnikẹ́ni. Ẹ rà á bẹ́ẹ̀.

Ìpele 1: Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Wáyà iná ni ẹ kọ́kọ́ máa wá. Èyí tó bá já, tàbí tó bá rọ̀ sílẹ̀, ẹ gbà pé iná wà lára rẹ̀, kódà bí gbogbo àdúgbò bá ṣókùnkùn, torí ìgbàkigbà ni SBEE, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Benin, lè dá iná padà. Páànù tó bá kan irú wáyà bẹ́ẹ̀ ti di wáyà nìyẹn, ilẹ̀ tútù tó wà láyìíká rẹ̀ náà kò ṣeé tẹ̀. Ẹ dúró jìnnà tó mítà 10, ẹ fi ẹnìkan ṣọ́ àwọn ọmọdé, kí ẹ sì pe SBEE. Ẹ pa iná ilé tiyín láti ìdí kọ́ńtà, bí ẹ bá lè dé ibẹ̀ láìtẹ omi. Bí ògiri bá wó lu ènìyàn tàbí iná bá ń jó, 118 ni nọ́ńbà àwọn panápaná.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ògiri. Ògiri amọ̀ tó ti mu omi kì í wó nígbà tí òjò ń rọ̀ nìkan. Ó lè dúró di ọjọ́ kejì, kí ó tó wá dojú bolẹ̀ nígbà tí gbogbo ayé ti rò pé ewu ti kọjá. Ẹ so òkúta kékeré mọ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi sọ̀ láti orí ògiri. Bí okùn náà bá jìnnà sí ìsàlẹ̀ ògiri ju bó ṣe jìnnà sí òkè lọ, tàbí bó bá fara kàn án nísàlẹ̀, ògiri ti ń tẹ̀. Bí ìka ọwọ́ bá wọ inú ibi tó ti là, kí ẹnikẹ́ni má sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀: ìṣó ilẹ̀. Páànù tó fò máa ń tú ìṣó sí gbogbo àgbàlá, àwọn tó wá bá yín kẹ́dùn ni yóò sì tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbá ojú ọ̀nà kí èrò tó dé. Ẹni tí ìṣó bá gún, kí ó fi ọṣẹ àti omi tó mọ́ fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn láìjáfara fún abẹ́rẹ́ tẹtanọ́ọ̀sì. Epo pupa gbígbóná lórí ojú egbò kò lè ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́.

Àyẹ̀wò: kò sí wáyà nílẹ̀ nítòsí, iná ilé ti kú, ẹ mọ ògiri tó dúró ṣinṣin àti èyí tí kò dúró, ojú ọ̀nà ti mọ́. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gun òkè.

Ìpele 2: Alẹ́ àkọ́kọ́

Ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó palẹ̀ mọ́. Gbogbo ilé láti ìta, inú yàrá kọ̀ọ̀kan, àti ní pàtàkì jù lọ, ibi tí igi ti kúrò lórí ògiri. Ẹ kọ ohun tó bàjẹ́ sínú ìwé, kí ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ olórí àdúgbò, kí òun náà lè gbé e dé ọ́fíìsì mérì. Mi ò ṣèlérí pé ìrànlọ́wọ́ máa dé kíákíá. Ṣùgbọ́n ilé tí a kò kọ sílẹ̀ kò sí nínú ohun tí wọ́n máa kà, ẹ sì máa nílò fọ́tò náà fúnra yín ní ìpele tó kàn.

Báàṣì: ẹ jẹ́ kí ó gun góńgó òrùlé kọjá sí òdìkejì, kí ẹ sì so etí rẹ̀ mọ́ igi láti inú ilé. Etí tí ẹ bá fi sílẹ̀ kó máa fẹ́ lẹ́lẹ́ ni atẹ́gùn máa gbá mú. Ẹ má sì kó òkúta tàbí táyà lé orí òrùlé. Mo rí i ní gbogbo abúlé, kò sì yé mi títí di òní. Ìjì tó lè tú páànù kúrò lára ìṣó kò ka òkúta sí, òkúta náà á sì já bọ́ lu ẹni tó ń sùn.

Oúnjẹ ló kàn. Àgbàdo tí òjò pa gbọ́dọ̀ gbẹ kíákíá. Ẹ tú u jáde nínú àpò, ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí báàṣì tàbí ẹní, kí ẹ máa rú u. Láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ tó láti padà sínú àpò, ẹ wá igò kan tó gbẹ tó sì ní ìdérí. Ẹ yan iyọ̀ díẹ̀ nínú ìkòkò títí omi ara rẹ̀ á fi tán, ẹ jẹ́ kí ó tutù, ẹ dà á sínú igò, kí ẹ sì fi àgbàdo kún un dé ìdámẹ́ta igò. Ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa, ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara igò, omi tó wà nínú àgbàdo náà ṣì ju ìdá 15 nínú 100 lọ. Ẹ dá a padà sínú oòrùn. Bí igò bá mọ́ tónítóní, ẹ lè kó o pamọ́.

Àgbàdo tó bá ti hu ẹ̀bu, ẹ má lọ̀ ọ́ ṣe ògì, ẹ má sì dà á fún adìẹ. Oró tó wà nínú irú ẹ̀bu bẹ́ẹ̀, iná kì í pa á.

Ìpele 3: Ẹ wo bí ó ṣe ṣí

Káfíńtà tó bá dé tí kò bi yín ní ìbéèrè kankan, tó kàn ń ka iye páànù tí ẹ máa rà, ẹ dá a dúró. Ọ̀nà mẹ́ta ni òrùlé ń gbà ṣí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní àtúnṣe tirẹ̀. Ẹ mú fọ́tò jáde.

Bí igi bá ṣì wà lórí ilé, tí ìṣó sì dúró lára igi, ṣùgbọ́n tí páànù ti lọ, ẹ wo ihò ara páànù: ó ti ya, ó ti fẹ̀. Páànù náà tín-ín-rín jù, tàbí orí ìṣó kéré jù, tàbí wọ́n kàn án jìnnà sí ara wọn. Ìpele 6 ni tiyín.

Bí ẹ bá rí páànù nínú oko tí igi ìdábùú (èyí tí wọ́n kan páànù mọ́) ṣì wà lára rẹ̀, páànù kò ṣe nǹkan kan. Igi ló já kúrò lára igi. Ìpele 5.

Bí gbogbo òrùlé bá gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, tí ó ṣubú lódindi sí ẹ̀yìn ilé, bóyá pẹ̀lú ìlà amọ̀ kan tàbí méjì láti orí ògiri, a jẹ́ pé kò sí ohun tó so ó mọ́ ilé láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ìwọ̀n ara rẹ̀ nìkan ló fi jókòó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìpele 4, kí ẹ má fo ọ̀kankan.

Ẹni tó ń kọ́ ilé ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn lè sọ pé òrùlé wúwo, kò lè fò. Bí atẹ́gùn bá ń sáré kọjá lórí òrùlé, ó ń fà á sókè. Bí ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé bá sì ṣí sílẹ̀, atẹ́gùn tó wọlé ń tì í láti abẹ́. Fífà lókè, títì nísàlẹ̀: páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò wúwo tó láti kọ ìyẹn.

Ìpele 4: Ẹ so igi mọ́ ògiri

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ẹ fún un ní àkókò.

Fún ògiri amọ̀: ẹ gé ibi orí ògiri tó ti rọ̀ kúrò, ẹ tún un mọ, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dénú. Lẹ́yìn náà ẹ lu ihò la ògiri já, ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 60 sí orí rẹ̀. Ihò kan lábẹ́ igi agbórùlé kọ̀ọ̀kan (èyí tó dà láti góńgó wá sórí ògiri), tàbí ìkan ní mítà kọ̀ọ̀kan bí àwọn igi bá jìnnà síra. Ẹ ṣẹ́ wáyà po ní ìlọ́po mẹ́rin, ẹ kì í bọ inú ihò, ẹ mú apá kan gòkè láti inú ilé, ẹ mú apá kejì gòkè láti ìta, kí méjèèjì pàdé lórí igi tó dùbúlẹ̀ lórí ògiri. Ẹ fi irin kúkúrú bọ ibi tí wọ́n ti pàdé, kí ẹ máa lọ́ ọ títí wáyà á fi le gan-an. Bí ẹ bá fi ìka ta á, kó máa dún.

Kí ẹ tó lọ́ ọ, ẹ fi àjákù pákó líle sí òrùlé ihò náà, láàárín wáyà àti amọ̀. Bí ìjì bá ń fa wáyà sókè, láìsí pákó yìí, á máa la ògiri bí okùn ṣe ń la ẹ̀kọ.

Ìṣìnà tó wọ́pọ̀ jù: wọ́n máa ń lu ihò náà sítòsí orí ògiri torí pé ó yá. Ìlà amọ̀ kan ṣoṣo ni wáyà bẹ́ẹ̀ dì mú, ìjì á sì gbé òun àti òrùlé lọ pọ̀. Ìwọ̀n ògiri tó wà lókè ihò ni ẹ fi ń di òrùlé mọ́lẹ̀, nítorí náà bí ihò bá ṣe sọ̀ kalẹ̀ tó ni ìwọ̀n yín ṣe pọ̀ tó. Sẹ̀ǹtímítà 60, ẹ má gbà kí ó dín.

Ẹ fi amọ̀ tí ẹ po sìmẹ́ǹtì díẹ̀ mọ́ rẹ́ bo wáyà lára ògiri kí ìpẹtà má tètè jẹ ẹ́.

Fún ògiri bíríkì: mọlémọlé gbọ́dọ̀ da ìgbànú kọnkéré yí orí ògiri ká, kí irin mílímítà 6 sì yọ láti inú rẹ̀ níbi tí igi agbórùlé kọ̀ọ̀kan máa wà. Irin yìí ni ẹ máa tẹ̀ bo igi tí ẹ ó sì lọ́. Bí ilé yín bá ní ìgbànú tẹ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọ́n gé irin rẹ̀ dànù torí pé “kò dára lójú”, ẹ lu ihò gba abẹ́ ìgbànú náà, kí ẹ ṣe é bí ti ògiri amọ̀. Ìgbànú tuntun ní láti gbẹ fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, pẹ̀lú omi tí ẹ ń wọ́n sí i, kí ẹ tó gbé igi lé e.

Àyẹ̀wò: ẹ kì igi gígùn bọ abẹ́ igi orí ògiri, kí ẹni méjì fi í gbé e bí ìgbà tí wọ́n ń gbé mọ́tò tó rì. Bí ó bá mira, tí ẹ rí àyè láàárín òun àti ògiri, ẹ tún wáyà náà lọ́.

Ìpele 5: Ẹ so igi mọ́ igi

Ìṣó tí ẹ kàn láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ dára fún ohun tó ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìjì ń fà sókè, bí ìṣó ṣe wọlé náà ló máa ṣe jáde. Nítorí náà, ní gbogbo ibi tí igi méjì bá ti pàdé, ẹ kan ìṣó, kí ẹ sì fi wáyà yí i ká ní àgbékọ́jára, lọ́tùn-ún lósì, kí ẹ lọ́ ọ.

Igi agbórùlé mọ́ igi orí ògiri. Igi ìdábùú, èyí tí ẹ ń kan páànù mọ́, mọ́ igi agbórùlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn igi tó pàdé ní góńgó. Kí igi ìdábùú má jìnnà síra ju sẹ̀ǹtímítà 70 lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n súnmọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ ní etí òrùlé àti ní góńgó, torí ibẹ̀ ni ìjì ti ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Káfíńtà á sọ pé wáyà á pẹ́ òun. Ẹ dá iye owó rẹ̀ lé lórí láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì gun àkàsọ̀ lọ ka ìdè náà fúnra yín kí páànù tó bò wọ́n. Tí páànù bá ti gun òkè, ọ̀rọ̀ ẹnu ló kù.

Ìpele 6: Páànù

Ìjì wa, láti ìlà oòrùn ló sábà máa ń wá, láti apá Nàìjíríà, tó sì ń kọjá lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Bí góńgó òrùlé yín bá nà láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í to páànù láti ìwọ̀ oòrùn, kí èyí tó kàn máa gun èyí tó ṣáájú, títí ẹ ó fi parí sí ìlà oòrùn. Bẹ́ẹ̀, ibi tí páànù gorí ara wọn máa kẹ́yìn sí ìjì, kò ní rí etí tó máa fi ìka bọ̀.

Kí páànù gorí ara wọn ní òkè méjì (ibi tí ara páànù yọ sókè) lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti sẹ̀ǹtímítà 20 láti òkè sí ìsàlẹ̀.

Orí òkè páànù ni a ń kan ìṣó sí, kì í ṣe inú kòtò tí omi ń gbà. Ní etí òrùlé, ní góńgó àti ní orí ìhà méjèèjì ilé, ẹ kan òkè kan, ẹ fo òkè kan. Láàárín òrùlé, ẹ lè fo òkè méjì. Ẹ gbá ìṣó títí rọ́bà á fi fún mọ́ páànù, kí ẹ dúró níbẹ̀; bí òkè páànù bá ti tẹ̀ wọlé, ẹ ti gbá a jù, omi á máa dúró níbẹ̀. Bí ẹnu ìṣó bá yọ lábẹ́ igi, ẹ tẹ̀ ẹ́.

Bí páànù yín bá tín-ín-rín, tí ẹ kò sì lè ra òmíràn, ẹ gé rọ́bà inú táyà àtijọ́ àti páànù àtijọ́ sí ọ̀nà kékeré tó fẹ̀ ju orí ìṣó lọ, kí ẹ fi méjèèjì sábẹ́ orí ìṣó, rọ́bà nísàlẹ̀. Ẹ má kan ìṣó sínú ihò àtijọ́. Ẹ fi ọ̀dà dí ihò náà, kí ẹ kan tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ibi tí inú ń bí àwọn àgbà nìyí: ibi tí páànù yọ sóde kúrò lára ògiri kò gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 50 lọ. A fẹ́ràn kí ó gùn, torí kí òjò má fọ ògiri amọ̀, kí a sì rí ibi jókòó. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n etí gígùn yẹn ni ìjì ń dì mú. Bí ẹ bá fẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ fún un ní òrùlé tirẹ̀, kí ó wà nísàlẹ̀ òrùlé ilé, pẹ̀lú igi àti òpó tirẹ̀. Bí ìjì bá gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, yàrá á ṣì ní òrùlé lórí.

Àyẹ̀wò: lọ́sàn-án gangan, ẹ wọ inú ilé, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ wòkè. Ojúmọ́ kò gbọ́dọ̀ gba ihò kankan wọlé. Lẹ́yìn náà ẹ fi igi ti etí páànù láti abẹ́, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tó bá dún gbàn-ù nílò ìṣó sí i.

Ìpele 7: Àgbàlá, àti ọjọ́ tí ìkùukùu bá tún ṣú

Ẹ gé ẹ̀ka máńgòrò tó bá na ọwọ́ sórí ilé, ní oṣù kejì, kí òjò tó dé. Àjákù páànù tó kù, ẹ dì í pọ̀, kí ẹ fi ohun tó wúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Òun ni ọ̀bẹ tó ń fò nínú ìjì. Páńẹ́ẹ̀lì sólà tí wọ́n kàn fi okùn so mọ́ páànù, ẹ fi irin dè é mọ́ igi, tàbí kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà ìjì.

Bí ìkùukùu dúdú bá dìde láti ìlà oòrùn, tí ooru ṣàdédé kásẹ̀, tí eruku pupa sì ń bọ̀ níwájú òjò, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù. Ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ti ìlà oòrùn lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ wọ yàrá tó kéré jù, kí ẹ jókòó jìnnà sí ògiri tó là. Ẹni tó bá wà lọ́jà, kó má sá sí abẹ́ àtíbàbà páànù. Kó wọ ilé tí ògiri rẹ̀ dúró. Ẹni tó bá wà lóko, kó kúrò lábẹ́ igi, ńlá tàbí kékeré, torí àrá.

Ní oṣù kejì ọdún kọ̀ọ̀kan, ẹ mú ẹ̀mú àti àkàsọ̀, ẹ yí ilé ká. Wáyà tó bá ti rọ̀, ẹ tún un lọ́. Èyí tí ìpẹtà ti jẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ gún igi orí ògiri níbi tó ti kan amọ̀: bí ọ̀bẹ bá wọlé wẹ́rẹ́, ikán ti dé, igi náà kò lè di ìṣó mú mọ́, ẹ yọ ọ́ kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀.